Eruku Tí Ojú Kò Rí

Ẹ ti ka ìwé kìíní tán. Ẹ ti lè kọ orúkọ yín. Ẹ ti lè ka lẹ́tà tí ọmọ yín kọ ránṣẹ́ láti ìdálẹ̀. Nísinsìnyí ó yẹ kí ìwé kíkà bẹ̀rẹ̀ sí ràn yín lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yín. Ẹ̀kọ́ tòní wà fún àwọn káfíńtà, fún àwọn tí ń gé òkúta, fún àwọn tí ń fi fáíbà ṣe nǹkan, fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, àti fún àwọn ìyàwó tí ń fọ aṣọ wọn.

OHUN TÍ A RÍ NÍ KÍLÁÀSÌ ALẸ́

Ọ̀gá káfíńtà kan wà lára àwọn tí à ń kọ́ ní ìwé ní Alábàtà. Kò fi ìwé kíkà ṣeré rárá. Bí aago méje alẹ́ bá fi máa lù, ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, àtùpà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ṣàkíyèsí ohun kan. Bí a bá ní kí ó dìde kí ó kàwé sókè, kì í lè ka gbólóhùn gígùn dé òpin. Yóò kà á dé àárín, yóò dúró, yóò wúkọ́, yóò mí, kí ó tó tẹ̀ síwájú.

A kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé ló le fún un. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti fi ọdún pípẹ́ ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a mọ ọmọ tí kò mọ̀wé, a sì mọ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tí a wò ó dáadáa, a rí i pé ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Èémí ni kò tó o.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Tíṣà. Ọyẹ́ ló ń dà mí láàmú."

Oṣù Òkúdù ni a wà nígbà náà. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ọyẹ́ wo ló kù nílẹ̀?

Ní ọjọ́ Sátidé, a lọ kí i ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń gé pákó MDF tí wọ́n fẹ́ fi ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Ayùn oníná ni ó fi ń gé e. Lẹ́búlẹ́bú tí ó ń jáde níbẹ̀ funfun bí èlùbọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Ó bo orí rẹ̀, ó bo irun ojú rẹ̀, ó bo abọ́ oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fi háńkáṣíìfù so imú. Èkejì kò so nǹkan kan.

Ihò kékeré kan wà lára páànù ṣọ́ọ̀bù náà. Oòrùn gba ibẹ̀ wọlé, ó tàn tààrà bí ọ̀pá. Nínú ìmọ́lẹ̀ náà ni a ti rí eruku tí ń fò kiri. A ní kí ọ̀gá pa ayùn. A jókòó, a mu omi, a sọ̀rọ̀ títí ìdajì wákàtí fi kọjá. Nígbà tí a tún wo ibi ìmọ́lẹ̀ náà, eruku ṣì wà níbẹ̀, ó ń fò kiri bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

A bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ rò pé eruku ti balẹ̀?"

Ó ní, "Mo rò bẹ́ẹ̀, sà. Àṣé irọ́ ni."

ERUKU MÉJÌ LÓ WÀ

Eruku ńlá wà, eruku kékeré sì wà. Eruku ńlá ni èyí tí ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ayùn, tí a ń gbá, tí a ń kó dànù. Ó ń ta ni lójú, ó ń mú ni sín. Bí ó bá wọ imú, irun imú yóò dá a dúró, a ó fun ún dànù.

Eruku kékeré ni kí a bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ti kéré tó. Ẹ mú rúlà ilé-ìwé, ẹ wo milimítà kan lórí rẹ̀. Bí a bá pín milimítà kan yìí sí ọ̀nà 1,000, ìpín kan ni à ń pè ní máíkírọ̀n. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí máíkírọ̀n 70. Eruku tí ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà kò ju máíkírọ̀n 10 lọ. Èyí tí ó ń dé ìsàlẹ̀ pátápátá kò tó 5. Ojú kò lè rí ẹyọ kan ṣoṣo rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbé e kiri fún wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn tí a ti pa ẹ̀rọ.

Ní ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́ tí a mí sínú. Nígbà tí eruku òkúta bá dé ibẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara yóò lọ gbé e mì kí wọ́n lè pa á. Ṣùgbọ́n òkúta kì í kú. Àwọn ọmọ ogun náà ni yóò kú. Ibi tí wọ́n ti jà yóò wú, yóò san, yóò sì di àpá. Ẹ mọ bí awọ tó ti di àpá ti ń rí: ó le, kì í nà. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá kún fún àpá, kò ní lè fẹ̀ mọ́. Ẹni náà yóò máa mí gúlegúle bí ẹni tó gun Olúmọ, bẹ́ẹ̀ orí ìjókòó ló wà.

Kò sí oògùn tí ń sọ àpá náà di ẹran ara tuntun. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni eruku ń wọ àyà.

OHUN ÈLÒ ÀDÀLÙ

Ẹ mọ àdàlù tí à ń jẹ. Ẹ̀wà àti àgbàdo wọ inú ìkòkò kan, wọ́n di oúnjẹ kan. Àwọn ohun èlò kan wà tí a ń ṣe bẹ́ẹ̀. A mú nǹkan méjì tàbí mẹ́ta, a fi gọ́ọ̀mù tàbí sìmẹ́ńtì pò wọ́n pọ̀, wọ́n di nǹkan kan tí ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ó máa pè wọ́n ní ohun èlò àdàlù.

Plàíwúùdù jẹ́ ọ̀kan: igi pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra. MDF jẹ́ ọ̀kan: igi tí a lọ̀ kúnná, tí a pò mọ́ gọ́ọ̀mù, tí a tẹ̀ di pákó. Fáíbà tí a fi ń ṣe tánkì omi àti ọkọ̀ ojú omi jẹ́ ọ̀kan: fọ́nrán òwú tí a fi gíláàsì ṣe, tí a fi oje pò. Páànù asibẹ́sítọ́ọ̀sì tí wọ́n fi bo ilé àti ilé-ìwé láyé ọjọ́un jẹ́ ọ̀kan: fọ́nrán inú ilẹ̀ tí a pò mọ́ sìmẹ́ńtì. Òkúta àtọwọ́dá tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì ilé ìdáná jẹ́ ọ̀kan: òkúta tí a lọ̀, tí a fi oje pò.

Nígbà tí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́, púpọ̀ nínú wọn kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ìgbà tí a bá gé wọn, tí a bá lu wọ́n, tí a bá fi sáńpépà há wọn, ni ìjà dé. Eruku wọn kì í ṣe oríṣi kan. Bí a bá gé MDF, eruku igi àti eruku gọ́ọ̀mù ló jọ ń jáde. Bí a bá gé fáíbà, fọ́nrán gíláàsì yóò máa gún awọ, ara yóò máa yún ni. Bí a bá gé òkúta àtọwọ́dá, sílíkà ni yóò bo ilẹ̀.

Sílíkà ni ohun tí ń dá àpá sí ẹ̀dọ̀fóró, ó sì wà nínú akọ òkúta. Àwa ará Ẹ̀gbá mọ akọ òkúta dáadáa. Abẹ́ òkúta ni a sá sí, òun ni a sì fi sọ ìlú wa lórúkọ. Lónìí, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wà káàkiri agbègbè Ọ̀dẹ̀dá tí Alábàtà wà. Sílíkà inú akọ òkúta tiwa lè tó nǹkan bí ìdámẹ́ta rẹ̀. Ti inú àwọn òkúta àtọwọ́dá kan lé ní 90 nínú 100.

Àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ní ọdún 1995 wọ́n ní eruku igi lè fa jẹjẹrẹ, pàápàá jẹjẹrẹ inú imú. Ní ọdún 1997 wọ́n sọ bákan náà nípa eruku sílíkà tí ènìyàn ń fà símú. Ti asibẹ́sítọ́ọ̀sì ti wà nínú ìwé wọn tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà.

ÀWỌN TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀ SÍ RÍ

Obìnrin kan wà ní ìlú Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ rẹ̀ ni Nellie Kershaw. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ran òwú asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Ó kú ní ọdún 1924, nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 33. Dókítà tí ó yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò rí fọ́nrán náà nínú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà. Ní ọdún 1931, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì máa fa eruku wọn kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1999, wọ́n fi òfin dá èyí tó kẹ́yìn nínú oríṣi asibẹ́sítọ́ọ̀sì dúró lọ́dọ̀ wọn.

Òkúta àtọwọ́dá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kò pẹ́ nílé ayé. Síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ń gé e ní gbígbẹ ti ń ní àpá ẹ̀dọ̀fóró ní Ọsirélíà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Agẹmọ ọdún 2024, Ọsirélíà fi òfin dá a dúró. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ní òkè ọya, àwọn ènìyàn ń wa góòlù. Wọ́n ń gbé òkúta rẹ̀ wá sí abúlé, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo lọ̀ ọ́. Wọn kò mọ̀ pé òjé wà nínú òkúta náà. Eruku òjé bo ilẹ̀ àgbàlá, ó bo ẹní, ó bo abọ́. Àwọn ọmọdé tí ń rá kiri nílẹ̀ ń kó o sẹ́nu. Ọmọ tí ó kú lé ní 400. Àwọn bàbá ló ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ló kú. Nígbà tó yá, àwọn tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ kọ́ àwọn awakùsà láti máa wọ́n omi sí òkúta nígbà tí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́, eruku sì dín kù púpọ̀púpọ̀.

Nítorí náà, kí ìyá ilé tí ń fọ aṣọ káfíńtà fetí sílẹ̀ dáadáa. Eruku kì í dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń bá ọkọ wálé.

Ẹ JẸ́ KÍ Á DÁN AN WÒ PẸ̀LÚ ÌYẸ́ ADÌẸ

Nígbà tí a sọ gbogbo èyí fún ọ̀gá káfíńtà, ó ní òun ti ra fáànù ńlá. Ó gbé e sí ojú fèrèsé lọ́hùn-ún kí ó máa fa eruku jáde. "Ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan, Tíṣà," ni ó wí.

A ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá ìyẹ́ adìẹ kékeré kan wá. Ẹ̀yin náà, ẹ bá wa ṣe é. Ẹ fi òwú so ìyẹ́ náà, ẹ gbé e rọ̀. Ẹ dúró ní ìwọ̀n apá kan sí i. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ ó rí i pé ó ń jó. Ó dára. Ẹ dúró sí ibi kan náà, ẹ wá fa atẹ́gùn sínú dípò kí ẹ fẹ́ ẹ. Ẹ fà á bí agbára yín bá ti mọ. Ìyẹ́ náà kò ní mira. Ẹ wá máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ẹnu yín bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án ni yóò tó wá sọ́dọ̀ yín.

Ẹ̀kọ́ tòní wà nínú ìyẹ́ adìẹ yìí. Atẹ́gùn tí a fẹ́ jáde ń rin ọ̀nà jíjìn. Atẹ́gùn tí a fà sínú ń wá láti ibi gbogbo, kì í sì lágbára ju ibi tó sún mọ́ ẹnu lọ. Bí ẹnu páìpù tí ń fa eruku bá fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, tí ẹ sì gbé e jìnnà sí eruku ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, agbára rẹ̀ níbẹ̀ ti dín kù sí nǹkan bí ìdámẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí fáànù ojú fèrèsé kò fi lè gba ọ̀gá là. Kí eruku tó rin dé ọ̀dọ̀ fáànù, ó ti gba imú ọ̀gá kọjá.

Àwọn àgbà ní: àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ibi tí eruku ti ń jáde gan-an ni kí á ti mú un. Bí a bá jẹ́ kí ó fò, a ti pẹ́ jù.

BÍ A ṢE Ń MÚ ERUKU

Ẹ ka ìlànà yìí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sí páálí, ẹ kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù.

1. Kọ́kọ́ bi ara rẹ bóyá ó di dandan kí o gé e. Bí àwọn tí ń ta pákó bá lè fi ẹ̀rọ wọn tó ní páìpù gé e ní ìwọ̀n tí o fẹ́, jẹ́ kí wọ́n gé e.

2. Má ṣe gé páànù asibẹ́sítọ́ọ̀sì, má ṣe lu ú, má ṣe fọ́ ọ. Kò sí ibi ìjókòó fún un nínú iṣẹ́ wa. Bí ó bá di dandan pé kí ó kúrò lórí ilé, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wọ́n omi sí i, kí wọ́n tú u ní odindi, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n sì bi ìjọba ìbílẹ̀ ibi tí a ó sin ín sí.

3. Òkúta, bíríkì àti kọnkéré: omi ni kí o fi pa eruku wọn. Jẹ́ kí omi máa kán sí ojú abẹ bí ó ti ń gé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún omi ni kí o lò. Má ṣe da omi sí ẹ̀rọ oníná lásán. Iná yóò gbé ọ.

4. Igi, MDF àti fáíbà: páìpù ni kí o fi fa eruku wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ayùn oníná àti ẹ̀rọ sáńpépà ní ihò kan lẹ́yìn tí eruku ń gbà jáde. Ibẹ̀ ni kí o ti páìpù bọ̀. Ti ẹ̀rọ abẹ róbótó, ìbòrí kan wà tí a ń fi bo abẹ náà, páìpù a sì wọ inú rẹ̀. Tan ẹ̀rọ tí ń fa eruku kí o tó tan ayùn. Bí o bá pa ayùn, jẹ́ kí ó fà á fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i.

5. Ka ohun tí a kọ sí ara ẹ̀rọ tí ń fa eruku. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbálẹ̀ nínú ilé lásán yóò fa eruku ńlá, yóò sì fẹ́ eruku kékeré jáde lẹ́yìn. Wá èyí tí a kọ M tàbí H sí lára, tàbí èyí tí asẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà HEPA. M dára fún eruku igi. H ni fún èyí tó burú jù lọ.

6. Gbé garawa onídèérí sáàárín páìpù àti ẹ̀rọ náà, kí èérún ńláńlá máa bọ́ sínú garawa. Asẹ́ kò ní tètè dí. Asẹ́ tó bá dí kì í fa nǹkan mọ́.

7. Má ṣe fa iná ìrin mọ́ eruku igi. Bí o bá ń lọ irin tí ó ń ta iná párapàra, yọ páìpù kúrò. Eruku igi kíkúnná lè gbiná lójijì nínú àpò, ó sì lè bú gbàù. Da àpò náà nù lójoojúmọ́. Kí páìpù ńlá tí a fi irin ṣe ní wáyà tó wọ ilẹ̀.

8. Fáíbà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe ara ọkọ̀ òfuurufú tún ní ìwà tirẹ̀. Iná mànàmáná ń gba ara rẹ̀ kọjá. Bí eruku rẹ̀ bá wọ inú mọ́tò ẹ̀rọ, ó lè jó o.

9. Má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá eruku. Má ṣe fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ aṣọ tàbí irun rẹ. Olè tí o ti mú lo tún ń tú sílẹ̀ yẹn. Fi aṣọ tútù nù ún, tàbí kí o fi ẹ̀rọ fà á.

10. Ìbòmú ló kẹ́yìn. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò lè dá nìkan jà. Háńkáṣíìfù kò lè dá eruku kékeré dúró. Ka ara ìbòmú náà: N95, FFP2 tàbí FFP3 ni kí o wá. N95 ń dá ó kéré tán 95 nínú 100 dúró, bí ó bá fara mọ́ ojú dáadáa. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kí ó fara mọ́ ọn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó ti di ọ̀ṣọ́ lásán.

11. Jẹun níta ṣọ́ọ̀bù. Fọ ọwọ́ àti ojú rẹ kí o tó jẹun. Bí fáíbà bá ń yún ọ, má ṣe họ ara. Jẹ́ kí omi tútù ṣàn lé e.

12. Bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí ìyá ilé rẹ ẹ́ sómi kí ó tó fọ̀ ọ́. Kí ó má ṣe gbọ̀n ọ́n nù. Kí ó fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ sí aṣọ ọmọ.

ẸNI TÍ KÒ LÓWÓ Ẹ̀RỌ ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀gá káfíńtà kọ́kọ́ bi wá. A dá a lóhùn pé kí ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí agbára rẹ̀ dé. Ó gbé bẹ́ǹṣì iṣẹ́ rẹ̀ jáde sábẹ́ igi. Ó ń dúró kí afẹ́fẹ́ máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kí eruku má ṣe padà sí i lójú, kí ó má sì ṣe fẹ́ lọ bá aládùúgbò. Ó fi abẹ tó mú pààrọ̀ èyí tó kú, nítorí abẹ tó kú ń lọ pákó ni, kò gé e. Ó ra ìbòmú fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó ra ti ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà òun àti àwọn káfíńtà mẹ́ta mìíràn dá èsúsú, wọ́n sì jọ ra ẹ̀rọ kan tí ń fa eruku. Gbogbo ohun tó bá ní MDF nínú, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ti ń gé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ńlá, ẹ mọ̀ pé òfin wà fún yín. Òfin Ilé-Iṣẹ́ tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1987 pàṣẹ pé kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ dáàbò bo òṣìṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ eruku, kí ó sì gbé ohun tí ń fa eruku sún mọ́ ibi tí eruku ti ń jáde bí ó bá ti lè ṣe é ṣe tó. Ẹ rí i pé ohun tí ìyẹ́ adìẹ kọ́ wa náà ni òfin wí. Òfin mìíràn ti ọdún 2010 sọ nípa owó ìtùnú fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bá fa àìsàn sí lára. Ẹni tó bá mọ̀wé kà lè béèrè ohun tó tọ́ sí i.

SỌ IṢẸ́ RẸ FÚN DÓKÍTÀ

Dókítà kan wà ní Ítálì tí ń jẹ́ Bernardino Ramazzini. Ní ọdún 1700 ó tẹ ìwé kan jáde lórí àìsàn tí iṣẹ́ ọwọ́ ń fà. Ó gba àwọn dókítà nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa bi aláìsàn léèrè pé, "Iṣẹ́ wo ni ò ń ṣe?" Ìbéèrè náà ṣì wúlò títí di òní. Bí dókítà kò bá bi ọ́, sọ ọ́ fúnra rẹ. Wí pé, "Eruku ni mo ń bá ṣiṣẹ́, ó ti tó ọdún báyìí báyìí." Ẹni tí sílíkà bá ti wọ̀ lẹ́dọ̀fóró, ikọ́ ife máa ń tètè mú un. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì lè fara pamọ́ sínú ara fún 10 ọdún títí lọ dé 40 kí àìsàn rẹ̀ tó yọjú. Nítorí náà, iṣẹ́ tí o ti fi sílẹ̀ tipẹ́ náà, sọ ọ́.

Ọ̀gá káfíńtà wa lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ́ wò, wọn kò rí ikọ́ ife. Wọ́n ní eruku ló ń bá ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jà, kí ó sá fún un. Ikọ́ náà ti dín kù, ṣùgbọ́n kò tíì lọ tán, a kò sì lè ṣe ìlérí fún un pé yóò lọ tán. Ohun tí ó ń wí fún wa ni pé, "Tíṣà, tèmi ti ṣe díẹ̀. Ti àwọn ọmọ wọ̀nyí ni kò gbọ́dọ̀ ṣe."

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ náà wá sí kíláàsì alẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ló mú un wá. A ní kí ó ka nǹkan tí ó bá mọ̀. Kò mọ ju lẹ́tà méjì lọ. Ó tọ́ka sí wọn lójú pátákó, ó ní, "M. H." Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí eruku tí a kò rí fi burú ju èyí tí a rí lọ?
2. Dárúkọ ohun èlò àdàlù mẹ́ta tó wà nínú ilé rẹ tàbí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ.
3. Kí ni ìyẹ́ adìẹ kọ́ wa?
4. Kí ló mú kí eruku bàbá pa ọmọ ní Zamfara ní ọdún 2010?
5. Èwo ni kí a fi omi pa eruku rẹ̀? Èwo ni kí a fi páìpù fa tirẹ̀?
6. Ìyá ilé kan gbọn aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn sí. Kọ gbólóhùn méjì tí o fi lè gbà á níyànjú.

IṢẸ́ ÀMÚRELÉ

Mú ìbòmú tàbí páálí ẹ̀rọ kan láti ibi iṣẹ́ rẹ wá sí kíláàsì. Ka gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sókè. Kọ wọ́n sínú ìwé rẹ.